Wákàtí Mẹ́rin Láti Túrínì Dé Dọ́bílìn

"Ẹni tí ẹ ń lọ bá, ṣé ó wà láàyè, àbí ó ti kú?"

Adènà ló béèrè bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí àwọn Yorùbá ìlú Túrínì, ní ilẹ̀ Ítálì, sọ ẹ̀rọ ẹnubodè nìyẹn, nítorí òun ló ń ṣọ́ ọ̀nà bàálù, kò sì sẹ́ni tó lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Inú yàrá onígíláàsì kótópó kan ni Ìbíyẹmí dúró sí, ó há báàgì rẹ̀ mọ́ abíyá, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé pátákó tútù tí gbogbo arìnrìn-àjò ń gbọ́wọ́ lé. Ẹ̀rọ náà gbọ́ Yorùbá. Ó gbọ́ ọ débi pé kò sí ohùn òkè tàbí ti ìsàlẹ̀ tó ń ṣì í pè. Ṣùgbọ́n èdè ló gbọ́, kò gbọ́ ilé. Ọmọ tí a tọ́ nílé kì í la ẹnu bi àgbàlagbà ní irú ìbéèrè yẹn.

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Ìbíyẹmí fa ọwọ́ rẹ̀ yọ bí ẹni tí iná jó. "Ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń lọ kí ní Dọ́bílìn. Ara rẹ̀ kò yá díẹ̀ ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ọwọ́ padà. N kò rí ìdáhùn nínú ọ̀rọ̀ yín. Ó wà láàyè, àbí ó ti kú?"

Mofọpẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, rẹ́rìn-ín kan tí kò láyọ̀ nínú. "Màmá, ẹ dá a lóhùn. Kò mọ ohun tó ń jẹ́ 'Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́'."

"Tí kò bá mọ̀ ọ́n, kí ó lọ kọ́ ọ."

"Kí ni ó wà nínú ìgò tí ń bẹ nínú báàgì yín?" Adènà tún béèrè.

"Fúláàsì ni, kì í ṣe ìgò. Ògì bàbà ni mo rọ sínú rẹ̀."

Ẹ̀rọ náà tan iná yẹ báàgì náà wò. "N kò mọ ògì. Kò léwu. Ẹ lè gbé e lọ."

Ó wá tan àwòrán ayé sójú gíláàsì. Ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde láti Túrínì, ó gun orí òkè ńlá oníyìnyín, ó la ilẹ̀ Faransé já, ó kọjá omi, ó sì balẹ̀ sí Dọ́bílìn. "Ẹgbẹ̀rún kan àti ọ̀ọ́dúnrún ó lé ọgọ́ta kìlómítà," ni Adènà wí. "Ìrìn wákàtí mẹ́rin ni. Bí ẹ bá ń lọ bá alààyè, ìpín òfurufú yín ni a ó yọ ọ́ nínú rẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ fi ohun tí yóò ṣẹ́ kù hàn yín." Ìlà mìíràn jáde, òun pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí òróǹbó, ó forí lé gúúsù láti Túrínì, ó kọjá òkun, ó wọ aginjù, ó sì dúró síbẹ̀, láàrin iyanrìn, níbi tí kò sí ìlú tí kò sí pápákọ̀. "Kò ní gbé yín dé Èkó mọ́."

Ìbíyẹmí ń wo ìlà náà. Gbogbo ẹni tó ń gbé ilẹ̀ Yúróòpù ló ní ìpín òfurufú tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń fún èèyàn, bí ẹ̀mí. A kì í tà á, a kì í yá a, a kì í fi tọrẹ. Bí olúwa rẹ̀ bá kú, ìpín náà bá a lọ. Ó ti ń ṣọ́ tirẹ̀ láti ìgbà tí Mofọpẹ́ ti wà lọ́mọ ọwọ́. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi tiwọn lọ wo òkun ní Gíríìsì, ilé ló jókòó sí. Ìyá rẹ̀ wà láàyè ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, ó ti gbó, ó ti di ẹni tí wọ́n ń gbé jáde síta láti yá oòrùn. Ọkọ̀ ojú omi ń lọ sí Èkó lóòótọ́, ṣùgbọ́n dókítà ti sọ pé àyà Ìbíyẹmí kò lè gba oṣù kan lórí òkun. Bàálù nìkan ló kù. Nínú oṣù tí òtútù bá kásẹ̀ tí oòrùn sì padà ló ti ní in lọ́kàn láti lọ kí i.

"Bí ẹni náà bá sì ti kú," Adènà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, "àyè ọ̀fọ̀ ni a ó fún yín. Ọ̀fẹ́ ni. A kò ní fọwọ́ kan ìpín yín. Bí kò bá dá yín lójú, mo lè wádìí kí n sì sọ fún yín. Òfin kò jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ẹ kò bá béèrè. Ṣé kí n wádìí?"

"Ẹ wádìí!" Mofọpẹ́ ti pariwo láti ẹnu ọ̀nà.

"Ọwọ́ yín kọ́ ló wà lórí pátákó," Adènà dá a lóhùn.

Ìbíyẹmí jáde kúrò nínú gíláàsì náà. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wọlé. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, ọmọ rẹ̀ sì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó di orúnkún rẹ̀ méjèèjì mú.

"Màmá, mo bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí ó wádìí. Tó bá jẹ́ pé Mọ́mì Dọ́bílìn ti..."

"Gbẹ́nu dákẹ́!"

"N kò tíì sọ ọ́."

"O fẹ́ sọ ọ́. Ẹyin lohùn, Mofọpẹ́. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́."

"Ó dáa, n kò ní sọ ọ́. Ìbéèrè ni mo fẹ́ bi yín. Nígbà tí ẹ ní kí Dádì Dọ́bílìn, ọkọ wọn, gbé aago fún wọn kí ẹ gbọ́ ohùn wọn, kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní ó ń sinmi."

"Ìgbà tí ẹ tún pè ńkọ́?"

"Wọ́n ní dókítà wà lọ́dọ̀ rẹ̀."

"Ti òwúrọ̀ òní ńkọ́?"

Ìbíyẹmí wo ilẹ̀. "Wọ́n ní, 'Ìwọ ṣáà máa bọ̀.'"

"Mo ti pe gbogbo ará wa tó wà níbẹ̀, Màmá. Ohùn kan náà ni gbogbo wọ́n fi ń dáhùn, bí ẹgbẹ́ akọrin. 'Ní sùúrù.' 'Kí Màmá ṣáà máa bọ̀.' Bí ara ẹni bá ń le bọ̀, ta ni yóò máa sọ bẹ́ẹ̀?" Omijé ti dé ojú ọmọbìnrin náà. "Ìyá Àgbà ti ní kí wọ́n kun yàrá yín. Tí ẹ bá ná ìpín yìí, ṣé ẹ mọ ìgbà tí ẹ tún máa fojú kan Ọ̀yẹ́? Ọjọ́ tí Ìyá Àgbà bá kú ni. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n máa gbé yín lọ. Ìjọba ilẹ̀ yìí á gbé yín lọ sin ìyá yín, wọn kò ní gbé yín lọ kí wọn. Ẹ béèrè, Màmá. Kí ló wà nínú kí ẹ béèrè?"

Ìbíyẹmí mọ̀ pé òótọ́ ni ọmọ ń sọ. Ó mọ gbólóhùn náà, "ìwọ ṣáà máa bọ̀." Òun fúnra rẹ̀ ti fi ẹnu sọ ọ́ rí.

Ìgbà tí bàbá wọn papò dà ni, nígbà tí bàálù ṣì ń jẹ epo, tí èèyàn sì ń fò bó ṣe wù ú. Rẹ̀mílẹ́kún, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wà ní Sókótó lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Àwọn àgbà ilé pe Ìbíyẹmí, wọ́n ní kí ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí aago, kí ó sọ pé ara Bàbá kò yá díẹ̀, kí ó máa bọ̀. A kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lójú ọ̀nà. Bí ó bá ṣubú, ta ni yóò gbé e? Inú ilé, láàrin àwọn èèyàn rẹ̀, lórí ìjókòó, ni a ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún sì wá. Gbogbo ọjọ́ ló fi jókòó sínú mọ́tò. Ó gbé àpò ọsàn kan lọ́wọ́ tó rà lójú ọ̀nà, nítorí pé Bàbá fẹ́ràn ọsàn. Ó gbé ọsàn náà wọ àgbàlá tó kún fún èèyàn tí kò sọ̀rọ̀.

Ìbíyẹmí rò pé kò ní dárí ji òun láéláé. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìsìnkú, Rẹ̀mílẹ́kún fà á mọ́ra, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ títí di òní: "Yẹmí, o ṣeun. Gbogbo ojú ọ̀nà yẹn ni Bàbá fi wà láàyè fún mi. Mò ń bá wọn sọ̀rọ̀ nínú ọkàn mi. Mò ń bó ọsàn fún wọn."

Rẹ̀mílẹ́kún kan náà nìyí. Ó ti ná ìpín tirẹ̀ tán pátápátá nígbà tí àìsàn dé sí ọkọ rẹ̀, tí ó ń bá a fò láti ilé ìwòsàn kan dé òmíràn jákèjádò ilẹ̀ Yúróòpù, títí Ọlọ́run fi gbọ́. Láti ìgbà náà ló ti ń sọ fún àbúrò rẹ̀ pé, "Tìrẹ nìkan ló kù fún àwa méjèèjì. Bí o bá dé Ọ̀yẹ́, fi ojú mi wo Ìyá."

"Mo máa béèrè," ni Ìbíyẹmí wí nígbẹ̀yìn. Ó dìde. "Ẹ̀tọ́ Ìyá ni. Mo máa béèrè."

Mofọpẹ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, Màmá. Mo wà lẹ́yìn yín gan-an."

Ìbíyẹmí tún wọ inú gíláàsì, ó gbọ́wọ́ lé pátákó. Ó ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu: *Wádìí fún mi.* Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó wo yíká yàrá kótópó náà, kò rí ìjókòó níbẹ̀. Kò rí omi. Kò rí àgbà kan tí yóò kọ́kọ́ sọ pé, "Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi." Ohùn kan ṣá, tí kò ní ọwọ́ tí yóò fi dì í mú. Ó gbàdúrà nínú ara rẹ̀: *Olúwa, ìwọ tí o mọ̀, mú ẹnu mi le.* Ó la ẹnu. Ó rí ojú Rẹ̀mílẹ́kún pẹ̀lú àpò ọsàn yẹn. Ó rí ojú Ìyá wọn nínú oòrùn. Àwọn ojú méjèèjì jọ ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń jọra láti ìgbà èwe Rẹ̀mílẹ́kún.

"Ẹni tí ẹ ń lọ bá," ni Adènà wí, "ṣé ó wà láàyè, àbí ó ti kú? Tàbí kí n wádìí?"

"Ó wà láàyè," ni ẹnu Ìbíyẹmí wí.

Ọ̀já aláwọ̀ ewé kan yọ láti ara ògiri, ó sì yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ká. Ọ̀já náà ni arìnrìn-àjò fi ń gba ìpè àwọn ará ilé. Àwọn tí ń lọ bá alààyè ni wọ́n ń fún ní aláwọ̀ ewé. Elésè àlùkò ni ti àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀. Lẹ́yìn gíláàsì, Mofọpẹ́ fi iwájú orí ti ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Ìbíyẹmí fẹ́ padà lọ dì í mú, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó ṣí níwájú kì í jẹ́ kí èèyàn padà sẹ́yìn.

Bàálù náà gùn, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, apá rẹ̀ gbòòrò bíi ti ẹyẹ àkàlà, oòrùn ló sì ń wà á. Tẹ́lẹ̀ rí, wákàtí méjì àti ààbọ̀ ni èèyàn fi ń ti Túrínì dé Dọ́bílìn. Ṣùgbọ́n àwọn bàálù ayé ìsinsìnyí kì í kánjú. Wọ́n ń rìn bí ẹni tí kò fẹ́ débẹ̀.

Bàbá àgbàlagbà kan, ará Ọ̀fà, ló jókòó tì í. Ọ̀já elésè àlùkò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti gòkè tán, ó wo fúláàsì tí Ìbíyẹmí gbé lé itan.

"Ìyá, ṣé wọ́n sọ fún yín pé wọn kì í fúnni lóúnjẹ níbí ni?"

Ìbíyẹmí rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kì í ṣe tèmi, sà. Ògì ẹ̀gbọ́n mi ni. Láti kékeré, bí ara rẹ̀ kò bá yá, ògì bàbà nìkan ló ń gbà. Tí ó bá sì tutù, kò ní mu ún. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀."

"Háà. Ògì ń rin ìrìn-àjò. Kí ló ṣe ẹ̀gbọ́n yín?"

"Wọ́n ní ara rẹ̀ kò yá díẹ̀."

Bàbá náà wo ọ̀já aláwọ̀ ewé ọwọ́ Ìbíyẹmí, ó wo elésè àlùkò tirẹ̀. Òun náà ti gbọ́ 'díẹ̀' yẹn rí. "Ọlọ́run á fún un ní àlàáfíà," ló wí, ohùn rẹ̀ sì wúwo. Ó yí ojú sí fèrèsé, kò sì yí i padà mọ́.

"Àmín, sà," ni Ìbíyẹmí dáhùn.

Fún wákàtí mẹ́rin, Rẹ̀mílẹ́kún wà láàyè. Lórí òkè oníyìnyín, ó ń ráhùn pé ògì kò dùn tó. Lórí oko àwọn Faransé, àwọn méjèèjì ń jà lórí ẹni tó fọ́ àwo Ìyá nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, ó sì tún sọ pé Yẹmí ni. Lórí omi, ó béèrè pé ìgbà wo ni Yẹmí ń lọ sí Ọ̀yẹ́, Yẹmí sì yí ọ̀rọ̀ padà. Ó kọrin ìyìn sínú, ó sì ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbe orin náà nísàlẹ̀, bí ó ti máa ń ṣe ní ìlà ìjókòó kejì nínú ṣọ́ọ̀ṣì Ọ̀yẹ́. Nígbà tí bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìjókòó mú, bí ẹni pé ó lè dá a dúró sókè.

Òjò ń rọ̀ ní Dọ́bílìn. Nígbà tó jáde sí gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń pàdé èrò, kò pẹ́ tó fi rí Bọ̀dá Dípẹ̀, ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pẹ̀lú ọpá ìtilẹ̀ rẹ̀. Àgbà ìjọ méjì dúró tì í, ọkùnrin kan, obìnrin kan, aṣọ dúdú ló wà lọ́rùn wọn. Obìnrin náà gbé ife omi kan dání. Ní àárín wọn ni àga kan wà, àga ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń ká pọ̀. Wọ́n ti tú u, wọ́n gbé e kalẹ̀ sílẹ̀ gbọ̀ngàn náà, kò sì sẹ́ni tó jókòó lé e.

Ìbíyẹmí rí àga náà, ó sì dúró.

Bọ̀dá Dípẹ̀ ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀, ó na ọwọ́. Àánú wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìfọ̀kànbalẹ̀ díẹ̀ tún wà níbẹ̀, bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ti bá òun ru apá kan ẹrù náà. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sórí ọ̀já ọwọ́ Ìbíyẹmí. Ọpá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Yẹmí. Kí ni mò ń wò yìí? Ṣé aláwọ̀ ewé ni? Wọn kò sọ fún ọ ni?"

"N kò béèrè, Bọ̀dá."

"Níbí, ẹ̀rọ ẹnubodè ló máa ń sọ ọ́ kí èèyàn tó wọ bàálù! Ó máa ń sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn! Mo rò pé bákan náà ni lọ́dọ̀ yín. Mo ní kí ẹ̀rọ bá mi sọ ọ́. Ẹnu mi kò gbà á, Yẹmí. Ìgbà mẹ́ta ni mo gbé aago, ẹnu mi kò gbà á." Ó ti ń sunkún, arúgbó ọkùnrin, láàrin èrò. "O ti ná ìpín Ìyá. Kí ló dé tí o kò béèrè?"

"Ẹ ní kí n wá kí i," ni Ìbíyẹmí wí. "Mo wá kí i ni."

Àwọn àgbà ìjọ náà mú un lápá méjèèjì, wọ́n mú un jókòó sórí àga. Nígbà náà ni wọ́n sọ ọ́ fún un, ní ohùn jẹ́jẹ́, bó ti yẹ kí a sọ ọ́. Wọ́n ní ọ̀sán ìjẹta ni. Wọ́n ní kò jìyà. Wọ́n ní àìsàn ló ṣeé wò, a kì í rí ti ọlọ́jọ́ ṣe. Ó mu omi tí wọ́n fún un. Ó sunkún bí a ti ń sunkún láàrin àwọn èèyàn ẹni, ọwọ́ wọn sì wà lára rẹ̀.

"A lè lọ bẹ̀ wọ́n," ni Bọ̀dá Dípẹ̀ ń sọ. "Kí wọ́n yí i sí àyè ọ̀fọ̀."

Àgbà ìjọ ọkùnrin náà mi orí. "Ìpín tí a bá ti fò kì í padà, Bàbá."

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ọ̀já náà fi gbọ̀n lọ́wọ́ Ìbíyẹmí, tí ohùn kan sì jáde lára rẹ̀, ohùn tó ti fẹ́lẹ́ bí ewé gbígbẹ, tí atẹ́gùn Èkìtì ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

"Yẹmí! Yẹmí mi! Mofọpẹ́ ló pè mí, ó ń sunkún, kò lè sọ ju pé o ti wọ bàálù lọ. Ṣé ọ̀nà ibí lo gbà? Mo ti ní kí wọ́n gbé mi sí iwájú ilé. Ìgbà wo lo máa dé?"

Bọ̀dá Dípẹ̀ fi ọwọ́ bo ojú. Ìbíyẹmí nu imú rẹ̀, ó nà tọ́ọ́rọ́ lórí àga náà, ó sì wá ohùn tó dára jù nínú ara rẹ̀ jáde.

"Ìyá mi, ẹ kúùrọ̀lẹ́ o. Dọ́bílìn ni mo kọ́kọ́ yà sí. Ara Rẹ̀mí ni kò yá díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tọ́jú rẹ̀ ná. Mo tilẹ̀ gbé ògì wá fún un."

Obìnrin tó ń bá sọ̀rọ̀ yìí ti gbó. Ó ti sin ọkọ, ó ti sin àbúrò, kò sì sí irú ọ̀rọ̀ tí wọn kò tíì fi ránṣẹ́ sí i rí.

"Díẹ̀?" ni ìyá náà wí.

"Díẹ̀ ni, Ìyá."

"Ó dáa." Ohùn náà ti rẹlẹ̀ jù ti àkọ́kọ́. "Ó dáa, ọmọ mi. N kò ní béèrè. Jẹ́ kí ògì náà gbóná kí o tó fún un, o mọ ìwà rẹ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ṣáà máa bọ̀."

Ìbíyẹmí gbá fúláàsì náà mọ́ àyà. Ó ṣì ń gbóná.